Ẹran Ara Ló Mọ Orúkọ Àìsàn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti aláìsàn ní ọsibítù, tí ẹ fi rédíò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ẹran ara. Mi ò sọ ti ẹran tí a ń jẹ o. Ẹran ara àwa èèyàn ni mò ń wí. Ẹran bíńtín tí dókítà máa ń gé láti inú kókó, láti inú egbò, láti ẹnu ilé ọmọ, tí yóò ní kí wọ́n gbé lọ sí láàbù. Àwọn dókítà ń pè é ní biopsy. Ta ló ń gba ẹran yìí níbẹ̀? Kí ló ń wá nínú rẹ̀? Kí ló sì dé tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sá fún un?

Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. N óò máa tún un sọ, nítorí àwọn tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò wọn. Òun nìyí: ojú lè tan wá jẹ, ẹran ara ló mọ orúkọ àìsàn.

Ẹni tó ń ka ẹran ara yìí ni à ń pè ní patọ́lọ́jíìsì. Mo mọ ohun tó sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn nínú ìròyìn. Wọ́n ní ẹnìkan kú ikú òjijì, àwọn ọlọ́pàá ní kí patọ́lọ́jíìsì yẹ òkú rẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé mọ́ṣúárì ni iṣẹ́ wọn mọ. Wọ́n ń yẹ òkú wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé láàbù tí wọ́n ti ń ka ẹran ara, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ alààyè ló kún orí tábìlì. Ti ìyá tó ní kókó lọ́yàn wà níbẹ̀. Ti bàbá tí ìtọ̀ ń ni lára wà níbẹ̀. Ti ọmọdé tí ọrùn rẹ̀ wú náà wà níbẹ̀. Aláìsàn kì í sábà fojú kan patọ́lọ́jíìsì rẹ̀. Ìwé èsì nìkan ló ń rí. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn ni dókítà fi ń pinnu bóyá wọn yóò gé ọyàn tàbí wọn yóò fi í sílẹ̀, bóyá oògùn jẹjẹrẹ ni aláìsàn yóò gbà tàbí oògùn ikọ́ ife.

Ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a dé yìí jìn. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù gbà pé omi inú ara tó dàrú ló ń fa àìsàn. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á ní òróòro pọ̀ jù. Ní 1761, dókítà ará Ítálì kan, Giovanni Battista Morgagni, tó ń kọ́ni ní ìlú Padua, tẹ ìwé ńlá kan jáde. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń yẹ òkú wò, tó ń wo bí ohun tó bá nínú wọn ṣe bá ìnira tí wọ́n ní nígbà ayé wọn mu. Ó ní àìsàn ní ibùjókòó: ó lè jẹ́ ọkàn, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tó di 1858, Rudolf Virchow ní ìlú Berlin, nílẹ̀ Jámánì, wọ inú ọ̀rọ̀ náà lọ sí i. Ó ní kí a má dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀, kí a wọlé lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí gbogbo ara wa fi pé jọ. Ara sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń wá, ara wọn náà ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò. Sẹ́ẹ̀lì tiwa tó yà kúrò lọ́nà ni.

Ó dára. Wọ́n ti gé ẹran náà lára yín. Kí ló kàn?

Fọ́málìn ló kàn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni òórùn rẹ̀ máa ń ta èèyàn nímú ní mọ́ṣúárì. Bí ẹran bá ti kúrò lára báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn, fọ́málìn ló sì ń dá ìbàjẹ́ náà dúró. Omi lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi oníyọ̀ kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá fi ẹran sínú omi, tí wọ́n gbé e wọ mọ́tò láti ìlú kan dé òmíràn, ohun tí yóò dé láàbù ti jẹrà. Patọ́lọ́jíìsì yóò wò ó, yóò tún un wò, kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Èyí ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, ó sì ń dùn mí wọra. Aláìsàn ti fara gba abẹ. Àwọn ẹbí ti dáwó. Ó wá di pé kí wọ́n tún un gé lẹ́ẹ̀kejì!

Lẹ́yìn fọ́málìn, wọ́n á fi ọtí líle fa omi inú ẹran náà jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kí ìda yíyọ́ wọ ibi tí omi ti kúrò. Nígbà tí ìda bá dì, ẹran náà ti le, ó ṣeé gé. Ẹ̀rọ kan wà tó ní abẹ mímú, òun ló ń fá a ní pẹlẹbẹ. Báwo ló ṣe fẹ́lẹ́ tó? Ẹ fa irun kan tu lórí yín. Irun kan ṣoṣo yẹn nípọn ju ẹran náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gé e yóò jẹ́ kó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè tẹ́, yóò sì fi gíláàsì gbé e. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Àwọn sáyẹ́ǹtíìsì láàbù tó ń ṣe é kì í gbọ́ "ẹ ṣé" lẹ́nu aláìsàn, torí aláìsàn kò mọ̀ pé wọ́n wà. Mo fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n lónìí.

Ẹran tó fẹ́lẹ́ tó báyẹn kò ní àwọ̀. Ẹ ó wò ó, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ pa á láró. Ẹ̀yin aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, ẹ gbọ́ èyí: aró tí láàbù ń lò jù lọ, inú igi ló ti ń wá. Igi náà ń hù ní Mẹ́síkò àti láwọn ilẹ̀ tó yí i ká, aṣọ sì ni àwọn ará Yúróòpù ń fi í pa láró tẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá fi álọ́ọ̀mù tàbí ohun tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀ sí i, kì í mú. Bó bá mú, kóró inú sẹ́ẹ̀lì á di aláwọ̀ aró. Wọ́n á fi aró kejì lé e, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí ìyókù sẹ́ẹ̀lì lè hàn. Aró méjì péré. Lórí wọn ni púpọ̀ nínú èsì tí dókítà ń kà fún aláìsàn dúró lé, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní London.

Ẹ máa ń bi wá pé kí ló dé tí èsì kì í fi í jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Fọ́málìn ní àsìkò tirẹ̀, ọtí ní tirẹ̀, ìda náà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá kánjú nínú ìkankan, ẹran á bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. À ń sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń fi ẹran ara tí wọ́n gé mọ àìsàn. Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ni pé ojú lè tan wá jẹ, ẹran ara ló mọ orúkọ àìsàn.

Kí wá ni patọ́lọ́jíìsì ń wò nígbà tó bá tẹ ojú mọ́ máíkíróskóòpù? Ó ń wo ìwà sẹ́ẹ̀lì. Níbi tí ara bá ti dá ṣáṣá, sẹ́ẹ̀lì mọ ààyè rẹ̀. Wọ́n tò, kóró wọn sì bára dọ́gba. Bí nǹkan bá ti ń yí, kóró á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, á dúdú sí i, ọ̀kan kò ní jọ èkejì mọ́. Wọ́n á máa pín sí méjì méjì níbi tí kò yẹ. Síbẹ̀, ó lè má tíì di jẹjẹrẹ. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nísàlẹ̀ wọn tó jẹ́ ààlà. Bí wọ́n bá ṣì wà níhìn-ín ààlà, wọ́n ṣeé mú kúrò pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n bá da awọ náà lu ni jẹjẹrẹ dé. Ní ẹnu ilé ọmọ àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ ọdún ló sábà máa ń wà láàárín àyípadà àkọ́kọ́ àti ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yin ìyá! George Papanicolaou, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì tó ṣiṣẹ́ ní New York, ló fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá rọra gbà níbẹ̀ lè tú àṣírí àyípadà náà kí ara tó dunni rárá. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò nígbà tí nǹkan kan kò ṣe yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú níbí. Ní nǹkan bí ọdún 1957, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Mulago ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Yùgáńdà. Wọ́n gbé ọmọ kan wá tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lápá ọ̀tún, tó wú lápá òsì. Kò pẹ́ tó tún fi rí ọmọ mìíràn tó ní irú rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé àwọn ọmọ tó ní kókó lágbọ̀n máa ń ní kókó nínú ikùn pẹ̀lú. Títí di ìgbà náà, bí kókó bá wà lágbọ̀n, orúkọ kan ni wọ́n ń pè é. Bó bá wà nínú kídìnrín, wọ́n á pè é ní òmíràn. Burkitt kọ ohun tó rí sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1958. Àwọn patọ́lọ́jíìsì Kampala ló wá gbé ẹran ara àwọn ọmọ náà kalẹ̀, ti àgbọ̀n àti ti inú ikùn, tí wọ́n wò wọ́n pa pọ̀. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń rí: àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú tó fún mọ́ra gádígádí, tí àwọn funfun sì tàn káàkiri àárín wọn. Àwọn onímọ̀ ń pe àwòrán náà ní ojú ọ̀run tó kún fún ìràwọ̀ títí di òní. Àìsàn kan ṣoṣo ni. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa gbèjà ara ni.

Kí ni ìyẹn ṣe fún àwọn ọmọ náà? Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ abẹ tó ń bà wọ́n lójú jẹ́ lásán. Nígbà tí a ti mọ orúkọ àìsàn náà, a mọ̀ pé oògùn ló yẹ ẹ́. Oògùn sì ràn án. Kókó tó ti bo ojú ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìbàdàn wà nínú ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùn tó kàwé ní Ìbàdàn tó sì ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1972 fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìtọ́jú àìsàn yìí. Láti inú ẹran ara àwọn ọmọ wọ̀nyí náà, tí wọ́n fi bàálù gbé lọ sí London, ni Anthony Epstein àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní 1964. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ èèyàn.

Níbi tí ojú ti rí àìsàn púpọ̀, ẹran ara ní ọ̀kan ni. Ẹ jẹ́ ká wá yí i padà. Kókó wú sí ọmọ yín lọ́rùn. Ó ń gbẹ, ó ń làágùn lóru, kò fẹ́ jẹun. Kí ni ń ṣe é? Ìyá àgbà ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ lọ já ewé. Aládùúgbò ní jẹjẹrẹ ni, ẹ má náwó mọ́. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ ikọ́ ife, nítorí ikọ́ ife lè wọ ọrùn láì jẹ́ kí èèyàn wúkọ́ rárá. Bí ẹ bá fọwọ́ kan án, ẹ ò lè mọ̀. Bí dókítà bá fọwọ́ kan án, ó lè fura, kò lè búra. Lábẹ́ máíkíróskóòpù ńkọ́? Ti ikọ́ ife, wọ́n á rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó parapọ̀, tí kóró wọn tò yí ká etí, wọ́n á sì rí àárín tó ti kú, tó rí bíi wàrà. Ti jẹjẹrẹ, àwòrán mìíràn gbáà ni. Ikọ́ ife inú ọrùn, oògùn oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní ibùdó ìjọba ní Nàìjíríà. Ẹ wo ọmọ tó lè yè, tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀ nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹran ara. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀ bí a kò bá wò ó?

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Wọ́n ní bí abẹ bá ti kan kókó, ṣe ló máa ń ràn káàkiri. Wọ́n ní, "Màmá lágbájá, ara rẹ̀ le, ìgbà tí wọ́n gé e ló kú." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìgbà wo ni màmá náà rí kókó yẹn? Ìgbà wo ló tó dé ọsibítù? Ó ti lo àgbo, ó ti lọ sórí òkè, ó ti dé ọ̀dọ̀ wòlíì. Kókó náà ti rìn dé ẹ̀dọ̀ kí abẹ tó kàn án. Ewu pé abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò yóò gbé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ síbòmíràn kéré gidigidi. Ibi tí kò yẹ kí wọ́n gún, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fura sí jẹjẹrẹ nínú kóró ẹpọ̀n ọkùnrin, ẹ forí jì mí, wọn kì í gún un lábẹ́rẹ́. Odidi rẹ̀ ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù ni kí wọ́n tọ́jú wa fún àìsàn tí kì í ṣe tiwa.

Ti ọyàn tún jinlẹ̀ sí i. Kò tó mọ́ pé kí láàbù sọ pé jẹjẹrẹ ni. Aró pàtàkì mìíràn wà tí wọ́n fi ń wá àwọn àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì. Àmì mẹ́ta ni wọ́n ń wá jù. Bí àwọn kan nínú wọn bá wà, oògùn oníhóró tí èèyàn ń lò nílé lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dènà àìsàn náà. Bí ìkankan kò bá sí, oògùn yẹn kò ní ràn án. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan tẹ iṣẹ́ jáde lórí ẹran ara jẹjẹrẹ ọyàn àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, wà lára wọn. Wọ́n rí i pé oríṣi tí kò ní àmì kankan pọ̀ gan-an láàárín àwọn obìnrin náà. Àwọn olùwádìí mìíràn ní iye tiwọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Apá kan àríyànjiyàn náà tún gbé wa padà sídìí ìgò fọ́málìn. Bí ẹran bá pẹ́ kó tó wọ fọ́málìn, àmì tó wà lára rẹ̀ lè parẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ pé kò sí, obìnrin tí oògùn ì bá ràn kò sì ní rí oògùn gbà. Ẹ rí i bí wákàtí díẹ̀ ṣe lè ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ gé nǹkan lára yín tàbí lára ẹni yín, ẹ béèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ẹ ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa fi ránṣẹ́ sí láàbù?" Àwọn ibì kan ṣì wà tí wọ́n ń yọ kókó, tí wọ́n ń sọ ọ́ nù, tí wọ́n á ní ó ti tán. Kò tíì tán. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé ìgò náà lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí láwọn ọsibítù wa, ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Ṣé fọ́málìn wà nínú rẹ̀? Ṣé ó bo ẹran náà dáadáa? Ṣé ẹnu ìgò náà fẹ̀? Bí ẹnu rẹ̀ bá há, ẹran tó rọ̀ nígbà tí wọ́n tì í wọlé á le nínú rẹ̀, kò ní ṣeé yọ mọ́. Ṣé orúkọ aláìsàn wà lára rẹ̀? Ṣé wọ́n kọ ọ́ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì? Ẹ má gbé e délé kó sùn. Tààrà sí láàbù ni. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ń dáwó iṣẹ́ abẹ, ẹ dá ti láàbù mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí níbẹ̀ ni owó ti sábà máa ń tán.

Ohun kan kù, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. Ìda tí wọ́n fi ẹran náà sí, wọn kì í sọ ọ́ nù bí èsì bá ti jáde. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìwé èsì yín bá sọnù, bí iyèméjì bá wà, bí ọmọ yín bá ní kí ẹ wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ òun ní London tàbí Houston, àwọn dókítà ibẹ̀ lè béèrè fún ìda yẹn gan-an. Wọ́n á tún un fá, wọ́n á tún un pa láró, láì tún fi abẹ kàn yín. Nọ́ńbà kan wà lára ìwé èsì tí láàbù fún yín. Ẹ kọ ọ́ síbòmíràn. Ẹ fún ẹnìkan nínú ilé.

Ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí wa, àwọn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ètò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.